Àmì Iná Inú Ẹyinjú Ìyáàfin Pruitt

"Ẹ má rẹ́rìn-ín, ẹ jọ̀ọ́ mà," ni mo sọ fún Ìyáàfin Pruitt nígbà tó jókòó sórí àga wa, tó fẹ̀yìn ti ògiri aláwọ̀ eérú.

"Ta ló ń rẹ́rìn-ín? Bí ojú mi ṣe rí nìyẹn," ló fèsì. Ọgbọ̀n ọdún ló ti ń wa bọ́ọ̀sì ilé ìwé nílùú Tucson, oòrùn sì ti fa ìlà síwájú orí rẹ̀ bíi poro oko.

Ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ni màmá mi ti gún un ní abẹ́rẹ́ tó máa ń jẹ́ kí irú ìlà bẹ́ẹ̀ rọlẹ̀. Iṣẹ́ tèmi, bí mo bá ti ilé ìwé dé, ni láti ya fọ́tò ojú àwọn oníbàárà ṣáájú abẹ́rẹ́ àti lẹ́yìn rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni mí nígbà náà. Itzel Barragán lorúkọ mi, ìtọpinpin sì ni àìsàn mi: bí nǹkan bá ti ń dán, àfi kí n mọ ohun tó mú un dán.

Ilé ìtọ́jú awọ ojú tí Màámi dá sílẹ̀ kò ju yàrá mẹ́ta lọ, láàárín ilé ìfọṣọ àti ibi tí wọ́n ti ń ta dónọ́ọ̀tì. Ó ti ṣe nọ́ọ̀sì fún ọdún mọ́kànlá ní ọsibítù kó tó dá dúró. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé òun fúnra rẹ̀ ló ń lé oníbàárà. Ọmọbìnrin kan wá, ó ní kó fi abẹ́rẹ́ kún ètè òun. Màámi wo ètè náà títí, ó ní, "Ètè yìí ò ṣàìsàn. Lọ fi owó rẹ ra bàtà."

"Màámi, ṣé báyìí la ó ṣe là?"

"Ẹni tí mo bá sọ òótọ́ fún lónìí, á rántí mi lọ́jọ́ tó bá nílò mi. Gbálẹ̀ rẹ, jàre."

Ìdí wà tí ọ̀rọ̀ náà fi ń ká mi lára. Ẹgbẹ́ àwọn dókítà àti nọ́ọ̀sì ìlú ń kó ìlànà jọ, torí àwọn tí kò kọ́ṣẹ́ ti pọ̀ tó ń gún ojú èèyàn nínú yàrá ìdáná wọn. Wọ́n fẹ́ yan ilé kan tí àwọn nọ́ọ̀sì tuntun yóò ti máa kọ́ iṣẹ́ náà. Bí wọ́n bá yan tiwa, a ti rí ibi dúró. Bí wọn ò bá yàn wá, Màámi yóò padà sí ọsibítù.

Lọ́jọ́ kan tí mo ń gbálẹ̀, ìgbálẹ̀ mi kọ lu iná gíga tó máa ń tàn láti òkè sórí àga yẹn. Iná náà tẹ̀ wá síwájú. Mo wo dígí, mo rí i pé dúdú abẹ́ ojú mi ti lọ. Mo gbé iná sókè, ó padà. Mo gbé e wálẹ̀, ó tún lọ. Bí iná bá ti òkè wá, òjìji á bọ́ sínú gbogbo ìlà ojú. Bó bá ti iwájú wá, òjìji ò ríbi dúró. Inú mi dùn gan-an pé èmi ni mo rí i.

Ì bá dára ká ní ibẹ̀ ni mo fi mọ. Àmọ́ lọ́jọ́ tí Ìyáàfin Pruitt jókòó síwájú mi yìí, mo wo àwòrán rẹ̀ àkọ́kọ́, mo wo ojú rẹ̀. Ìyàtọ̀ wà, ṣùgbọ́n kì í ṣe irú èyí tó ń mú èèyàn pariwo. Mo rọra fa iná síwájú, mo yà á. Ó ti fọwọ́ sí i pé ká lo àwòrán òun, nítorí náà, kó tó di ìrọ̀lẹ́, méjèèjì ti wà lórí ìkànnì wa. Fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ fún ẹni mẹ́fà mìíràn. Màámi rò pé ọwọ́ òun ló ń dára sí i, ó wá ń kọrin lẹ́nu iṣẹ́.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, Dókítà Voss, àgbà obìnrin tó ń ṣàyẹ̀wò fún ẹgbẹ́ náà, wá jókòó sí igun yàrá kó lè wo bí Màámi ṣe ń ṣiṣẹ́. Bí Ìyáàfin Pruitt ṣe já wọlé nìyẹn.

"Nọ́ọ̀sì, abẹ́rẹ́ rẹ ti tán lára mi! Wo fóònù: ìlà kankan ò sí. Wo iwájú orí mi: wọ́n ti padà! Ọkọ mi ń bi mí pé ìgbà wo ni ìyàwó inú fóònù ń bọ̀ wálé. Jọ̀ọ́, fi kún un."

Màámi wo fóònù, ó wo ojú obìnrin náà. "Kò yẹ kó tíì tán," ló ń sọ wúyẹ́wúyẹ́. "Àbí èyí tí mo wọ̀n kéré ni?" Ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. N kò rí i kó ṣiyèméjì nípa ọwọ́ yẹn rí. Ó ṣí fíríìjì, ó fa oògùn sínú abẹ́rẹ́.

Mo mọ ohun tó lè ṣẹlẹ̀, òun ló kúkú kọ́ mi. Bí oògùn yẹn bá pọ̀ jù níwájú orí, ìpéǹpéjú lè wó bo ojú fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, awakọ̀ sì ni obìnrin yìí. Bí mo bá dákẹ́, Dókítà ò ní mọ nǹkan kan. Bí mo bá sọ̀rọ̀, ó parí fún wa.

"Màámi, ẹ dúró! Èmi ni!"

"Ìwọ kí ni?"

"Èmi ni mo gbé iná síwájú. Abẹ́rẹ́ yín ò tán. Àwòrán yẹn ló purọ́."

Dókítà Voss dìde. "Báwo la ṣe fẹ́ mọ̀ pé òótọ́ lò ń sọ báyìí?"

Mo fẹ àwòrán méjèèjì títí ẹyinjú fi kún ojú fóònù. "Ẹ wò ó, mà. Nínú ti àkọ́kọ́, àmì iná funfun kékeré yìí wà lókè ẹyinjú. Nínú ìkejì, àárín gan-an ló wà. Ẹyinjú ò lè fi ibi tí iná ti wá pamọ́."

Dókítà fa awò ojú rẹ̀ wálẹ̀, ó wò ó títí. "Ó ti pẹ́ tí mo ti ń wo irú àwòrán yìí," ló sọ, "n ò wo ibẹ̀ rí."

"Háà! Ọmọ yìí," ni Ìyáàfin Pruitt sọ, "o fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ mí di olójú wíwó, torí kí n lè rẹwà lórí fóònù!"

Ojú tì mí, mo bú sẹ́kún. Màámi da oògùn náà nù. Kò pariwo mọ́ mi, ohun tó sọ dùn mí ju ariwo lọ: "Itzel, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi ń kọrin nítorí iná."

Wọn kò yan ilé wa. Màámi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́ ọsibítù lópin ọ̀sẹ̀ kí á má baà ti ilẹ̀kùn pa. Mo yọ àwòrán àwọn méjèèje kúrò, mo sì fẹnu ara mi bẹ àwọn tó ni ojú náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ìwé ìlànà ẹgbẹ́ náà dé. Ìlànà kẹrin ní kí àmì iná inú ẹyinjú wà ní ibì kan náà nínú àwòrán méjèèjì. Màámi kà á lẹ́ẹ̀mejì sókè, lẹ́yìn náà ló ní kí n wá bá òun fi irin de iná wa mọ́ òkè.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Tèmi ò tilẹ̀ ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ. Ìmọ̀ tí mo fi tan èèyàn jẹ náà ló wá ń dáàbò bò wọ́n. Ìmọ̀ kọ́ ló burú, ohun tí mo fi ṣe ló burú. Iṣẹ́ tí mo sì fẹ́ fi irọ́ gbé ró, irọ́ náà ló fẹ́rẹ̀ẹ́ wó o.

Lọ́jọ́ Ẹtì kan, Ìyáàfin Pruitt padà wá pẹ̀lú awakọ̀ méjì ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ó jókòó sórí àga.

"Ẹ má rẹ́rìn-ín, ẹ jọ̀ọ́ mà."

"Iná ńkọ́?"

"Òkè ló wà, mà."

Ó gbójú sókè, ó wò ó dáadáa kó tó wojú mi. "Ó dáa, yà á."