Akọ̀wé Tí Kò Rí Ẹnikẹ́ni Pè

Bí Àyànfẹ́olúwa ṣe ń ṣí ṣọ́ọ̀bù oògùn rẹ̀ ní Bárígà láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, fóònù rẹ̀ dún. "Iṣẹ́ òní ti parí," ni Akọ̀wé kọ, pẹ̀lú àmì aláwọ̀ ewé bí ó ti máa ń ṣe. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì mú ìgbálẹ̀.

Akọ̀wé kì í ṣe ènìyàn o. Ẹ̀rọ AI ni, tí Látífàt, ọmọbìnrin tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Ṣómólú, gbé sínú kọ̀ǹpútà ògbólógbòó kan lẹ́yìn káńtà, torí Àyànfẹ́ kò fẹ́ kí orúkọ àwọn aláìsàn òun wà lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ kankan. Lójoojúmọ́, á wo ẹni tí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ ku ọjọ́ méjì kó tán, á sì pè é lórí fóònù láti rán an létí. Bàbá Àyànfẹ́, Bàbá Lazarus, pàápàá wà nínú àwọn tó ń pè. Tẹ́lẹ̀, Àyànfẹ́ fúnra rẹ̀ ló ń gbé oògùn lọ fún un lóṣooṣù. Láti oṣù mẹ́jọ tí Akọ̀wé ti dé, ó ti fi ìyẹn sílẹ̀ fún ẹ̀rọ.

Lọ́sàn-án, aládùúgbò baba rẹ̀ kan pè é láti Ìlàjẹ, ní Bárígà níbẹ̀, pé Bàbá Lazarus ṣubú létí ọ̀sà níbi tó ti ń tún àwọ̀n ṣe. Àyànfẹ́ wọ kẹ̀kẹ́ débẹ̀. Ó wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ baba rẹ̀, ó sì rí i pé ó ti ga jù.

"Bàbá, ìgbà wo lẹ lo oògùn kẹ́yìn?"

"Ó ti tó ọjọ́ mọ́kànlá tó ti tán. Mo ń retí Akọ̀wé ẹ. Nígbà tí kò pè mí, mo ní ó ti rí i pé ara mi ti yá nìyẹn."

Wọ́n dá Bàbá dúró ní ọsibítù. Dókítà ní bí ó bá pẹ́ sí i, rọpá rọsẹ̀ ni ìbá jẹ́. Àyànfẹ́ sunkún, ojú tì í.

Nírọ̀lẹ́, Látífàt dé. Kò tilẹ̀ wo àmì aláwọ̀ ewé yẹn. Àkọsílẹ̀ ojoojúmọ́ ló ṣí.

"Àǹtí, ẹ wò ó. 'Iṣẹ́ ti parí, ènìyàn òdo.' Ọjọ́ mẹ́tàlá rèé tí kò pe ẹnikẹ́ni."

Ó tọ́ka sí déètì: ọdún 2016 ni kọ̀ǹpútà náà wà. Ó ṣàlàyé pé bátìrì kékeré tó ń tọ́jú aago inú rẹ̀ ti kú, nítorí náà nígbà tí iná lọ tó sì padà dé, aago ti sá padà sẹ́yìn. Lójú Akọ̀wé tó rò pé ọdún 2016 ni, oògùn ta ni ìbá ku ọjọ́ méjì kó tán?

"Kò parọ́ fún yín," ni Látífàt wí. "Ẹ ò kàn bi í pé mélòó ló pè."

Wọ́n pààrọ̀ bátìrì, wọ́n sì ní kí kọ̀ǹpútà máa gba àkókò láti orí íńtánẹ́ẹ̀tì. Akọ̀wé yóò máa kọ déètì àti iye ènìyàn tó pè. Bí ó bá jẹ́ òdo, àmì pupa ni yóò fi. Wọ́n tún fi nọ́ńbà Àyànfẹ́ sínú orúkọ àwọn aláìsàn, kí Akọ̀wé máa pe òun náà láràárọ̀. Bí kò bá tíì pè é di aago mẹ́jọ, Àyànfẹ́ gbọ́dọ̀ lọ ṣí àkọsílẹ̀ wò.

Lọ́jọ́ kejì, Àyànfẹ́ fi ẹnu ara rẹ̀ pe àwọn mẹ́tàlélógún tí Akọ̀wé fò, ó sì tọrọ àforíjì. Àwọn kan bú u. Gbogbo wọn ló wá gba oògùn.

Nígbà tí Bàbá padà délé, Àyànfẹ́ gbé oògùn tirẹ̀ lọ fún un lọ́wọ́. Bàbá wò ó, ó rẹ́rìn-ín. "Bí Akọ̀wé ò bá pè mí mọ́," ó ní, "èmi ni màá pè é."

Ìwọ tí o fi iṣẹ́ rán ẹ̀rọ, má jẹ́ kí "ó ti parí" tó ọ. Béèrè iye tó ṣe, kí o sì bi ẹni tó yẹ kó gbà á bóyá ó gbà á. Ìwọ tí o sì ń lo oògùn, má dá a dúró torí pé ẹnikẹ́ni kò pè ọ́. Ka oògùn tó kù lọ́wọ́ rẹ lónìí.