Ẹfun Inú Páìpù

Yaqub púlọ́mbà ń fi irin họ inú páìpù nígbà tí Qaanitah gbé garawa omi dé ìdí àtẹ̀gùn. Ìgbà kẹta láàárọ̀ náà nìyẹn. Ó gbé e kalẹ̀, ó fọwọ́ ti ògiri, ó mí kanlẹ̀. Yaqub dá iṣẹ́ dúró, ó ń wò ó.

"Ó rẹ̀ yín, Àǹtí."

"Ẹ̀yin ńkọ́?"

"Ó rẹ èmi náà."

"Ẹ jẹ́ ká jọ jókòó nígbà náà, kí ilé wó."

Yaqub rẹ́rìn-ín díẹ̀.

Omi kànga ẹ̀rọ ilé wọn ní Ìta Fàájì ti fi nǹkan funfun líle bí ẹfun di páìpù pa. Ó ti pé ọdún kan tí Qaanitah ti ń pọn omi àlùwàlá gòkè fún baba rẹ̀, Àlájì Salahudeen, tí orúnkún ń dùn. Qaanitah ti lé lógójì ọdún, ó sì ti kúrò nílé ọkọ. Opó ni Yaqub. Lọ́jọ́ kẹta iṣẹ́ náà, ó sọ fún Qaanitah pé òun fẹ́ ẹ. Qaanitah ní kó lọ bá Baba.

Lọ́jọ́ yẹn náà ni Yaqub da fínígà, omi kíkan kan, sí páìpù kí ẹfun lè rọ̀. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló fomi ṣàn án lẹ́yìn náà. Àlájì ṣí ẹ̀rọ láti ṣàlùwàlá Àlàásárì, omi díẹ̀ tó jáde ń rùn kíkan.

"Ọtí lo dà sómi ìrun mi?"

"Fínígà ni, Àlájì."

"Ó ń rùn bí ẹmu àná. Mo mọ ohun tí ò ń wò nílé yìí. Má wulẹ̀ sọ ọ́."

Yaqub tú gbogbo páìpù òkè sílẹ̀ ní àgbàlá, ó ń fi omi ọsàn wẹ́wẹ́ rẹ wọ́n, ó ń họ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọwọ́ rẹ̀ bó. Qaanitah ló ń fún ọsàn.

"Ẹ lè máa lọ o. Ẹnikẹ́ni ò ní bú yín."

"Ta ló máa wá pọn omi?"

"Èmi náà ni."

"Ìdí tí mi ò fi lọ nìyẹn."

Lọ́jọ́ kẹwàá, omi gòkè. Àlájì gbóòórùn rẹ̀, ó yọ ẹnu, ó fín in símú lẹ́ẹ̀mẹta. Ó wo ọwọ́ Yaqub pẹ́.

"Ní kí àwọn àgbà yín wá rí mi lẹ́yìn Jímọ̀."

Wọ́n so yìgì lóṣù tó tẹ̀ lé e. Páìpù ilé ìdáná ló kù tí wọn ò tíì họ.