Aago fún Àlàájì Akíndé

Ojú kan ṣoṣo ni Zàíd kọ́kọ́ rí, ojú náà sì tóbi ju ti ènìyàn lọ. Ó ń wò ó láti ẹ̀yìn awò kékeré tí wọ́n fi ń tún aago ṣe, dúdú rẹ̀ ń dán, ìpéǹpéjú rẹ̀ gùn bí koríko etí ọ̀sà. Ìgbà tí ọmọbìnrin náà yọ awò kúrò, tí ojú méjèèjì wá hàn, ni Zàíd tó mọ̀ pé arẹwà lòun dúró tì.

"Ẹ jọ̀ọ́, aago lẹ gbé wá, àbí èmi lẹ wá wò?" ọmọbìnrin náà bi í.

"Aago ni," Zàíd dáhùn, ó sì gbàgbé láti nà án sí i.

Fàúsátù lorúkọ rẹ̀. Ìsọ̀ bàbá rẹ̀ ló ń bójú tó, láàárín ìlú Àgbádárìgì, níbi tí Àlàájì Akíndé ti fi ogójì ọdún tún aago ṣe. Ó ti tó ọdún méjì tí Àlàájì ti gbé iṣẹ́ lé ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, tó ní ó ti rẹ òun. Orí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn ló máa ń jókòó sí, tí yóò máa fa tẹ̀sùbáà rẹ̀.

Ọmọ ìlú Ajido ni Zàíd, ọkọ̀ ojú omi tó ń kó èrò ló ń wà. Omi ti wọ inú aago rẹ̀. Fàúsátù tún un ṣe. Lọ́sẹ̀ kejì, omi tún wọ̀ ọ́. Nígbà tó fi máa di ẹlẹ́ẹ̀kẹrin, wọn kì í pe ara wọn ní "ẹ" mọ́.

"Ṣé o máa ń fi aago yìí wẹ̀ ni?" Fàúsátù bi í.

"Tí mi ò bá fi wẹ̀, kí ni màá máa gbé wá?"

Fàúsátù rẹ́rìn-ín títí tó fi fi ìbòrí rẹ̀ bo ẹnu. Láti ọjọ́ náà, ìfẹ́ wọn ò fara sin mọ́.

Ní ọ̀sán Sunday kan, Zàíd gbé e lọ sórí ọ̀sà. Níbẹ̀ ló ti sọ fún un pé òun fẹ́ wá rí Àlàájì. Dípò kí inú Fàúsátù dùn, ṣe lojú rẹ̀ fà ro.

"Bàbá á ní kó o mú aago wá. Aago tó o bá yàn ni wọ́n fi máa mọ irú ẹni tó o jẹ́. Ẹni méjì ti mú wá rí. Aago góòlù ni Démọ́lá mú wá. Bàbá ní ọkùnrin Mùsùlùmí kì í wọ góòlù, wọ́n ní kó gbé e padà. Ẹnì kejì mú ti fàdákà wá, wọ́n ní ó wúwo jù, pé afẹfẹyẹ̀yẹ̀ ni. Ẹ̀rù ń bà mí, Zàíd."

"Èwo ni wọ́n wá fẹ́ gan-an?"

Fàúsátù yíjú sí omi. "Mi ò lè sọ."

Zàíd rò pé kò mọ̀ ni.

Lọ́jọ́ kejì ó lọ kí Àlàájì. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú àga náà. Àlàájì ò dá a lóhùn. Ó wà nílẹ̀ títí ojú fi tì í. Ìgbà tó sọ pé, "Ẹ káàsán, sà," ni bàbá náà tó ta gìrì.

"Ta nìyẹn?"

"Zàíd ni, sà. Lórí ọ̀rọ̀ Fàúsátù ni mo ṣe wá."

"Mú aago kan wá lọ́jọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun." Ó padà sídìí tẹ̀sùbáà rẹ̀.

Ìbínú ni Zàíd bá kúrò níbẹ̀. Ó gbà pé bàbá náà ti kórìíra òun kí aago tiẹ̀ tó dé.

Ẹ̀ẹ̀mejì ló lọ sí ṣọ́ọ̀bù ńlá kan ní Ìsàlẹ̀ Èkó tí wọ́n ti ń ta ojúlówó aago, ẹ̀ẹ̀mejì ló padà lọ́wọ́ òfo. Aago méjì ló ń dà á láàmú. Ọ̀kan dúdú, ó nípọn, bó wà nísàlẹ̀ òkun kò ní dúró. Èkejì fẹ́lẹ́ bíi bébà, kò ní nọ́ńbà kankan lójú. Bó bá mú dúdú, Àlàájì á ní omi nìkan lọmọ yìí mọ̀. Bó bá mú èyí tó fẹ́lẹ́, á ní ó ń ṣe ju ara rẹ̀ lọ. Ó wa ọkọ̀ kọjá èbúté tó yẹ kó yà sí, àwọn èrò pariwo lé e lórí.

Ní Ọjọ́bọ̀ ó padà lọ. Ẹnìtàn, obìnrin tó ń ta aago níbẹ̀, rí bó ṣe ń gbé ọ̀kan, tó tún ń gbé èkejì.

"Ẹ fara balẹ̀," ó ní. "Bàbá tẹ́ ẹ fẹ́ rà á fún, báwo ni wọ́n ṣe máa ń wo aago?"

Zàíd ronú sẹ́yìn. Kò rí Àlàájì kó wo aago rí. Etí ló máa ń gbé e sí. Fàúsátù ló máa ń bi pé aago mélòó ló lù, ó lè bi í lẹ́ẹ̀mẹta láàárín wákàtí kan. Ó rántí ara rẹ̀ lórí ìdọ̀bálẹ̀. Ó jókòó.

"Ṣé ẹ ní èyí téèyàn lè fọwọ́ kàn láti mọ àkókò?"

Ẹnìtàn wọ inú lọ, ó gbé ọ̀kan jáde. Ọta irin kékeré róbótó méjì ló ń yípo lára rẹ̀, ọ̀kan lójú aago fún ìṣẹ́jú, èkejì létí rẹ̀ fún wákàtí. Ó wọ́n ju àwọn méjì yòókù lọ, ó máa gbé gbogbo owó tí Zàíd ń tu jọ fún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ tuntun mì.

Ó jáde sójú títì, ó pe Fàúsátù lórí fóònù.

"Bàbá ò ríran mọ́, àbí?"

Fàúsátù bú sẹ́kún. Ó ní, "Má bi mí. Mo ti fi Kùránì búra."

"Má sunkún, ayanfẹ́ mi. Ìwọ kọ́ lo sọ ọ́. Mo rí aago kan níbí, ọwọ́ ni wọ́n fi ń kà á."

"Zàíd, wọ́n lè lé ẹ jáde! Wọ́n á ní o wá tú àṣírí àwọn. Wọn ò ní dárí jì ẹ́ láéláé."

"Tí mo bá mú òmíràn wá ńkọ́?"

Zàíd padà wọ ṣọ́ọ̀bù, ó san owó aago náà.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, àwọn mọ̀lẹ́bí Fàúsátù ti kún pálọ̀ Àlàájì kí Zàíd tó dé. Ó bẹ̀bẹ̀ pé òun fẹ́ rí Àlàájì nìkan. Wọ́n mú un wọ yàrá. Ó ti ilẹ̀kùn, ó kúnlẹ̀, ó gbé aago náà sí àtẹ́lẹwọ́ bàbá.

Ìka Àlàájì yí i ká. Ó wọ́ awọ rẹ̀, ó tẹ ẹ̀yìn rẹ̀, ó kan ọta kékeré náà. Ìka náà dúró. Òógùn ti mú bùbá Zàíd lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn.

"Ta ló sọ fún ẹ?" Ohùn bàbá náà lọ sílẹ̀, ó sì le.

"Kò sẹ́ni tó sọ fún mi, sà. Mo dọ̀bálẹ̀ níwájú yín, ẹ ò rí mi. Mi ò tíì sọ fún ará ìta kankan. Tí ẹ bá ní kí n gbé e padà, ọ̀rọ̀ náà parí síbí nìyẹn."

Àlàájì tún fọwọ́ kan aago náà, díẹ̀díẹ̀, bí ọmọ tó ń kọ́ ìwé kíkà.

"Aago méjì kọjá ogún ìṣẹ́jú," ó ní. "Ṣé òótọ́ ni?"

"Òótọ́ ni, sà."

Omi bọ́ lójú bàbá náà. Ó ké sí Fàúsátù, òun náà sì wọlé.

"Kò sí ohun tó burú nínú àwọn tó wá ṣáájú," Àlàájì ní. "Ti góòlù yẹn, Démọ́lá ì bá pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ̀rù ló bà mí. Ìwọ lò ń sọ fún mi pé ìrun ti tó, ìwọ lò ń bò mí láṣìírí. Mo ní tó o bá lọ, màá dá wà nínú òkùnkùn."

"Àdúgbò yìí náà la máa gbé, sà," Zàíd dá sí i. "Lọ́jọ́ Ajé, ẹ jẹ́ ká jọ lọ rí dókítà ojú."

"Ó ti pẹ́ tó yẹ kí n lọ," bàbá náà mí kanlẹ̀. Ó dìde, ó di apá Zàíd mú, ó jáde sí pálọ̀ lójú gbogbo àlejò, kò sì ṣe bí ẹni tó ń ríran. "Ẹ wá kí ọmọ mi," ó sọ fún wọn. "Òun ni yóò fẹ́ Fàúsátù."

Nígbà tó yá, àwọn méjèèjì dúró lẹ́yìnkùlé. Fàúsátù sunkún títí ó fi tẹ́ ẹ lọ́rùn, Zàíd ò sì dá a lẹ́kun.

"Ọdún méjì ni mo dá ẹrù yìí gbé, Zàíd."

"Mo mọ̀. Ṣé wàá fẹ́ mi, kí n bá ẹ gbé e?"

Fàúsátù fi etí ìbòrí nu ojú. "O ò tiẹ̀ bi mí tẹ́lẹ̀. Bàbá mi lo kàn lọ ń bá sọ̀rọ̀."

Zàíd yíjú sí i. "Mo ń bi ẹ́ báyìí."

"Mo gbà," ó ní, ó sì di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Mo ti gbà tipẹ́."