Àmì Pupa Lórí Ẹ̀rọ Kẹta

“Màmá, ẹ̀kẹta tún ti kọ̀.”

Ìgbà kẹrin rèé tí ọmọ ọmọ mi máa sọ ọ́. Ó mí kanlẹ̀ bí ẹni tó ru àpò sìmẹ́ǹtì. Yàrá kọ̀ǹpútà ilé-ìwé wọn la wà. Èmi jókòó sórí àga onírin kan tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ ìdí mi di pákó, mò ń dúró dè é ká jọ relé. Ilé-ìwé yẹn náà ni mo ti ń kàwé ní kíláàsì àwọn àgbà. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ọdún mẹ́ta ni mo ti ń lé ìwé-ẹ̀rí náà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ìṣirò ti là mí mọ́lẹ̀.

Ọwọ́ ọmọ yìí ni tíṣà kọ̀ǹpútà fi ìkànnì ilé-ìwé sí. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é ní Ọ̀gá Ìka, torí bó ṣe ń yára tẹ̀wé. Sáfà mẹ́ta, ìyẹn ẹ̀rọ ńlá mẹ́ta tí wọ́n pín káàkiri ìlú, ló ń gbé ìkànnì náà dé orí fóònù wa. Èyí tó bá sún mọ́ àdúgbò rẹ ni fóònù rẹ ń bá sọ̀rọ̀. Bó bá ti tẹ bọ́tìnì “Gbé e jáde”, iṣẹ́ á lọ bá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Èyí tó bá gbà á, àmì aláwọ̀ ewé á yọ níwájú rẹ̀. Òfin tíṣà ni pé kò gbọ́dọ̀ buwọ́ lu ìwé iṣẹ́ bí àmì náà kò bá pé mẹ́ta.

Àtẹ ìdánwò tuntun ló ń gbé jáde lọ́jọ́ náà. Ẹ̀rọ kìíní gbà, èkejì gbà, ẹ̀kẹta pọ́n bí ojú ẹni tó fẹ́ jà. Ó tún un tẹ̀. Ó pa kọ̀ǹpútà, ó tún un tàn. Pupa.

“Pe tíṣà.”

“Á ní kí n dúró títí ó fi máa gbà ni, Màmá. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ti wà ní pápá.”

Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èmi wà lọ́jà, orí wọ́, torí pé ìdí ń ro mí. Mo ní, “Èjì nínú mẹ́ta kúkú ju ìdajì lọ.”

Ó rẹ́rìn-ín, ó buwọ́ lùwé pé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti gbà. Kò tilẹ̀ ka ohun tó wà nínú àtẹ náà. Èmi náà kò bi í.

Lọ́jọ́ ìdánwò mi, mo wo àtẹ lórí fóònù: aago méjì ọ̀sán ni ìdánwò. Mo jẹun, mo gbẹ́ pẹ́ńsù mẹ́ta lẹ́nu, mo gbọ̀nà. Obìnrin tó ń gbálẹ̀ ni mo bá, ó ń to àga.

“Ìyá, kí lẹ gbàgbé?”

“Ìdánwò ni mo wá ṣe.”

“Wọ́n ti ṣe é tán láàárọ̀. Ó wà lórí ìkànnì.”

Mo fi fóònù mi hàn án, ó fi tirẹ̀ hàn mí. Aago méjì lórí tèmi, aago mẹ́sàn-án àárọ̀ lórí tirẹ̀. Ẹ̀rọ kẹta ló ń sin àdúgbò wa, àtẹ àtijọ́ ló ṣì wà lórí rẹ̀. Àwa akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́fà ni ìdánwò fi sílẹ̀.

Tíṣà dé, ó ń bẹ̀ mí. “Ẹ̀rọ ló dàrú lẹ́yìn tó ti gbà á, Màmá. Ìwé iṣẹ́ fi hàn pé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbà á.”

Ọmọ ọmọ mi dúró lẹ́yìn rẹ̀. Bó bá dákẹ́, ọ̀rọ̀ parí. Ó wo pẹ́ńsù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́wọ́ mi.

“Ẹ̀rọ kọ́, sà. Mo rí pupa, mo buwọ́ lùwé.”

“Èmi ni mo sì bá a ṣe ìṣirò rẹ̀,” ni mo fi kún un.

Tíṣà gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀ títí di ìparí táàmù. Ìdánwò wa di ọdún tó ń bọ̀. Ẹ̀bẹ̀ kò yí i padà. Inú ṣì ń bí mi, sí ọmọ ọmọ mi àti sí ara mi. Ní ìrọ̀lẹ́ gbogbo, ó ń kọ́ mi ní ìṣirò. Bí mo bá dé ìdajì tí mo fẹ́ dìde, á ní, “Màmá, ó kù kan.”

Ẹ̀yin ọmọ mi, iṣẹ́ tó ku ẹyọ kan kò tíì tán. Ẹ má buwọ́ lù ú pé ó tán, torí ẹni tó wà ní ìdí ẹyọ kan yẹn lè jẹ́ ìyá yín àgbà.