Ìdíje Tí Bàrákàt Kò Jẹ́ Kí Wọ́n Gbá

Ọjọ́ tí Bàrákàt kọ́kọ́ rí Nasir, díẹ̀ ló kù kó fi ọkọ̀ tẹ̀ ẹ́ pa.

Pápá yìnyín kan ní Peckham ni Bàrákàt ti ń ṣiṣẹ́. Òun ló ń wa ọkọ̀ ńlá tí wọ́n fi ń tún ilẹ̀ yìnyín ṣe, kó lè máa dán bíi dígí lẹ́yìn tí àwọn eléré bá ti fi bàtà onírin họ ọ́. Ó ti wa ọkọ̀ dé àárín pápá nígbà tí ọkùnrin gíga kan yọ̀ láti ẹnu ọ̀nà, tó sì ṣubú lulẹ̀ gbì síwájú táyà.

Bàrákàt tẹ bíréèkì. "Ṣé orí ẹ pé báyìí? Ṣé o fẹ́ kí n lọ ṣàlàyé fún màmá ẹ ni?"

"Ẹ má bínú, Aunty. Bàtà yìí ló jẹ́ kí n yọ̀."

"Ta ni Aunty ẹ?"

Bí ọ̀rọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Oníṣẹ́ iná ni Nasir, ọmọ Aylesbury Estate. Ó wà lára Peckham Herons, ẹgbẹ́ họ́kì orí yìnyín tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá sílẹ̀ ní ìsọ̀rí tó kéré jù nínú líìgì. Wọ́n ń pàdánù ju bí wọ́n ṣe ń borí lọ, ṣùgbọ́n pápá máa ń kún. Nígbà tí sáà kìíní fi parí, Nasir ti ń pe Bàrákàt ní "ayọ̀ mi", òun náà sì ti ń dáhùn.

Alhaji Yẹ̀kínì, bàbá Bàrákàt, fẹ́ràn ọmọkùnrin náà. Eré rẹ̀ ni kò fẹ́ràn.

Ní sáà kejì, ẹnìkan fi gbogbo ara gbá Nasir mọ́ ògiri pápá. Ó dákú. Lọ́jọ́ kejì, ó bi Bàrákàt ní ìbéèrè kan náà lẹ́ẹ̀mẹta. Dókítà ní tí orí yẹn bá tún gba irú ìyẹn, ó lè pa á.

Alhaji pè é sí pálọ̀. "Nasir, mi ò bí Bàrákàt kó wá di opó. Nínú òun àti eré yẹn, mú ọ̀kan."

"Bàrákàt ni, sà. Mo ṣèlérí fún yín, mi ò ní wọ bàtà yẹn mọ́."

Kò pẹ́ sígbà náà ni wọ́n ta pápá náà fún àwọn tó fẹ́ kọ́ fúláàtì. Àwọn eléré bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Nígbà tó fi ku ìdíje kan ṣoṣo, mẹ́sàn-án ló ṣẹ́kù, òfin líìgì sì ní wọ́n gbọ́dọ̀ pé mẹ́wàá. Ọládọ̀tun, kápútéènì wọn, pe Nasir.

Ọ̀sán Sátidé ni. Èrò kún fọ́fọ́. Bàrákàt ń tún ilẹ̀ ṣe kí eré tó bẹ̀rẹ̀ nígbà tó rí Nasir lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá, tó ń de akoto mọ́rí. Ó wa ọkọ̀ lọ bá a.

"Nasir, bọ́ akoto yẹn."

"Ẹ̀ẹ̀kan péré ni, ayọ̀ mi. Tí mi ò bá sí níbẹ̀, wọn ò pé."

"Bàbá mi ńkọ́?"

"Wọn ò ní mọ̀."

"Èmi ńkọ́?"

Nasir dorí kodò. "Jọ̀ọ́, parí iṣẹ́ ẹ."

Bàrákàt wa ọkọ̀ náà padà sí àárín pápá, ó pa á, ó yọ kọ́kọ́rọ́, ó sì sọ̀kalẹ̀.

Àwọn èrò kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo. Ọládọ̀tun bẹ̀ ẹ́ títí. Evelyn, ọ̀gá rẹ̀, ní kó mú kọ́kọ́rọ́ wá àbí kó máa lọ sílé. Bàrákàt di kọ́kọ́rọ́ náà mọ́wọ́, kò la ọwọ́.

"O ti dójú tì mí láàárín ẹgbẹ́ mi!" Nasir kígbe mọ́ ọn. "Má pè mí mọ́ láéláé!"

Rẹfirí kéde pé ẹgbẹ́ tó wá bá wọn gbá ló borí, ó sì lọ. Bí ìtàn Herons ṣe parí nìyẹn: sáà méjì, ìjáwé olúborí méje, àti ìdíje kan tí wọn ò gbá.

Iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ Bàrákàt. Fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún, Nasir ò pè. Màmá Bàrákàt, Mìsítúrà, bi í léèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ títí, ṣùgbọ́n kò sọ fún un.

Lọ́jọ́ Sunday kan, lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, Nasir kan ilẹ̀kùn. Ó dọ̀bálẹ̀ fún Alhaji, kò dìde.

"Mo purọ́ fún yín, sà. Mo wọ bàtà yẹn. Bàrákàt ló dá mi dúró." Ó sọ gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀.

Alhaji bi í pé, "Ká ní kò yọ kọ́kọ́rọ́ yẹn ńkọ́?"

"Màá ti gbá a, sà."

"Háà!" Màmá Bàrákàt pariwo.

Bàrákàt dìde. "Kí ló wá dé tó o wá lónìí?"

"Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mi ò rántí ọ̀nà ilé mi. Mo jókòó sí bus stop, mò ń sunkún. Ibẹ̀ ló ti yé mi pé ẹ̀mí mi lo gbà là. Ẹ̀rù ń bà mí, Bàrákàt. Dárí jì mí."

Alhaji yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Ìwọ ni Nasir ṣẹ̀. Kí lo sọ?"

Omi ti gba ojú Bàrákàt. "Daddy, ẹ ní kó dìde. Kó lọ mú àwọn òbí ẹ̀ wá."

Wọ́n so yìgì wọn lẹ́yìn ọdún Iléyá. Gbogbo Herons ló wá, àfi Ọládọ̀tun. Títí di òní, kò tíì dárí ji Bàrákàt. Nígbàkigbà tó bá rí i ní Rye Lane, ṣe ló máa ń sọdá sí òdìkejì. Bàrákàt á kí i síbẹ̀, á sì di ọwọ́ ọkọ rẹ̀ mú, wọ́n á máa lọ.