Etí Àbínibí Ilẹ̀kùn Baba Látúndé

Ní Ìlú Ẹ̀yìn-Òṣù, níbi tí wọ́n ti ń pín afẹ́fẹ́ fúnni bí omi ẹ̀rọ, àwọn ilẹ̀kùn ló kọ́kọ́ ya wèrè. Ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan ló ní etí àbínibí, ìyẹn etí tí ẹni tó ṣe é fi sí i lára kó lè máa mọ̀ tí ọwọ́ bá kàn án. Ṣùgbọ́n etí wọn ò dọ́gba. O tẹ eléyìí, ó ṣí. O tẹ tọ̀hún bẹ́ẹ̀, ó há ọ mọ́lé.

Ni Fadérera, ọ̀gá àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ, bá gbé Alágbàsọ dé. Ìsàlẹ̀ ìlú ni ẹ̀rọ yìí wà. Gbogbo ìfọwọ́kàn ń gba inú ògiri lọ bá a, òun ló ń pàṣẹ fún ilẹ̀kùn, ibẹ̀ ló sì ti ń mọ yàrá tí èèyàn wà.

Baba tó bí i, Baba Látúndé, fárígá níwájú ìgbìmọ̀ ìlú. "Kí n kan ilẹ̀kùn mi, kó lọ gbàṣẹ nísàlẹ̀ kó tó dá mi lóhùn? Tó bá rí bẹ́ẹ̀, kí n kúkú háyà ẹni tó máa bá mi gbé oúnjẹ sẹ́nu!"

"Baba mi, ẹ jọ̀ọ́, ta ló lè mọ ìwà gbogbo ilẹ̀kùn tán?" Fadérera fèsì.

Ìgbìmọ̀ fi baba rẹ́rìn-ín, wọ́n gba Alágbàsọ wọlé. Láti ìgbà náà, baba ò dá ọmọ rẹ̀ lóhùn mọ́.

Ó dun Fadérera wọra. Ó yọ́ lọ tan etí àbínibí ilẹ̀kùn baba, tí wọ́n ti pa nígbà tí Alágbàsọ dé, padà. Kí etí náà àti Alágbàsọ má baà máa dáhùn pọ̀, ó dá ìfọwọ́kàn dúró sójú ilẹ̀kùn, kò jẹ́ kó dé ìsàlẹ̀ mọ́. Kò sọ fún ẹnì kankan. Baba kàn án, ilẹ̀kùn ṣí gbayawu.

"O ṣeun, ọmọ mi. Wàá rí ẹni tọ́jú ìwọ náà."

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, òkúta já láti ojú ọ̀run, ó fọ́ àgbá afẹ́fẹ́. Alágbàsọ ṣe ohun tí Fadérera kọ́ ọ: yàrá tí kò bá ti gbúròó ọwọ́, ó kà á sí òfìfo, ó sì fa afẹ́fẹ́ ibẹ̀ fún àwọn tó kù. Fadérera ń wò ó lára pátákó tí iná yàrá kọ̀ọ̀kan ń tàn sí, inú rẹ̀ ń dùn, àfi bó ṣe rí i tí iná yàrá baba kú.

Ó fi ìbòmú bomú, ó sáré. Ilẹ̀kùn gbọ́ ọwọ́ rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Baba wà lórí ibùsùn níbi tó ti ń sun oorun ọ̀sán, ara rẹ̀ ti tutù.

Olórí ìgbìmọ̀ dé, ó káwọ́ lérí. "Ó mà ṣe o! Ẹlòmíì kankan ò kú. Fadérera, ká ní a ti gbọ́ ti baba ni."

Fadérera gbé orí baba lé itan. Kò lè ṣàlàyé fún un pé ti baba gan-an ni òun gbọ́, tí ọwọ́ baba ò fi dé ìsàlẹ̀ mọ́.