Owú Fermín àti Odó Òkúta Obdulia

Fermín rò pé ẹ̀jẹ̀ ni. Ọmọbìnrin kan jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùdókọ̀ ojú irin ní Chamacuero, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì pupa dé ìgbọ̀nwọ́, oje pupa ń kán sórí aṣọ funfun tó tẹ́ sórí itan. Fermín ju àpò irinṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó sáré lọ, ó fa áńkáṣíìfù yọ.

"Kí ló gé ọ lọ́wọ́?"

Ọmọbìnrin náà wò ó látòkè délẹ̀. "Pómégíránétì ni. Tó bá ń ṣe ọ́ láàánú, jókòó kó o bá mi yọ hóró èyí tó kù."

Ẹ̀rín pa àwọn obìnrin tó ń tajà nítòsí. Ojú ti Fermín, ṣùgbọ́n kò lọ. Ó jókòó, ó sì ń yọ hóró. Obdulia ni orúkọ ọmọbìnrin náà.

Guakamóle eléso, oúnjẹ píà gígún, ni òun àti ìyá rẹ̀, Màmá Eduviges, ń tà fáwọn èrò ọkọ̀. Mo ti jẹ píà kiri ilẹ̀ àjèjì láti ogójì ọdún, n kò tíì rí irú rẹ̀. Wọ́n á kọ́kọ́ fi iyọ̀ gún àlùbọ́sà àti ata tútù nínú odó òkúta ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta títí yóò fi sun omi. Wọ́n á wá fi píà tó rọ̀ sí i, wọn kì í gún un kúnná. Wọ́n á fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i. Lẹ́yìn náà ni píìṣì tí wọ́n gé, èso àjàrà tí wọ́n là sí méjì, àti hóró pómégíránétì lórí. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan péré lọ́dún ni èso mẹ́tẹ̀ẹ̀ta máa ń pàdé ara wọn.

Agbẹ́kùúta ni Fermín. Odó òkúta ni iṣẹ́ ìlú wa. Láti ọjọ́ náà, ojoojúmọ́ ló ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè wá jẹun.

"Ṣé òkúta ti tán lókè ni, bàbá olóòlù?" Obdulia á bi í.

"Òkúta ò ní sá lọ. Ìwọ ni mi ò mọ̀."

"Ta ló fẹ́ gbé mi sá?"

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Fermín bá a fọ odó rẹ̀. Bó ṣe dojú odó náà dé, ó rí ojú òòlù nídìí rẹ̀: gbogbo rẹ̀ dà gbẹ̀rẹ̀ sápá ibi tí ti ọlọ́wọ́ ọ̀tún kì í dà sí. Ọlọ́wọ́ òsì ló gbẹ́ ẹ. Agbẹ́kùúta ọlọ́wọ́ òsì kan ṣoṣo ló sì wà ní Chamacuero: Nicandro, ẹlẹ́nu dídùn, àpọ́n, tó máa ń wá jẹun níbẹ̀ ní gbogbo Sátidé. Nílùú wa, ọkùnrin kì í déédéé gbẹ́ odó fún wúńdíá.

Iná sọ láyà Fermín. Kò béèrè. Ibẹ̀ ló ti ṣì í.

Láti ìgbà náà, ojú rẹ̀ kò kúrò lára Nicandro mọ́. "Píìṣì tó o fi sí tiẹ̀ pọ̀ ju tèmi lọ."

"Ìwọ lo sọ pé o ò fẹ́ràn píìṣì!"

Òjòwú ò lẹ́ran láyà, Fermín rù. Ó pinnu pé òun yóò gbé odó yẹn kúrò nílẹ̀. Òkúta líle wà nísàlẹ̀ kòtò tí wọ́n ti ń wa òkúta, gbígbẹ́ rẹ̀ sì ń pẹ́. Èyí tó rọ̀, tó wà lókè, ló mú, ó sì fi ọjọ́ méjì gbẹ́ odó. Odó tuntun máa ń ní iyanrìn nínú. Ìrẹsì àti iyọ̀ ni wọ́n fi ń lọ̀ ọ́, kí wọ́n dà á nù, kí wọ́n tún lọ̀, fún ọ̀pọ̀ ọjọ́, títí ìyẹ̀fun yóò fi funfun. Fermín kò ṣe é. Ó gbé e lọ láàárọ̀ ọjọ́ àjọ̀dún, nígbà tí èrò kún ibùdókọ̀.

"Mo ti lọ̀ ọ́ mọ́," ni irọ́ tó pa. "Gbé ti àtijọ́ yẹn sọ nù."

Nítorí ìfẹ́, Obdulia lò ó. Èrò àkọ́kọ́ tó fi tọ́tíyà, àkàrà àgbàdo pẹlẹbẹ, bù ú jẹ gé iyanrìn jẹ. Bàbá arúgbó kan tu eyín jáde mọ́ ọn.

"Òkúta lẹ̀ ń tà ni?"

Àwọn èrò ń tu ú sílẹ̀, wọ́n ń bú Obdulia àti ìyá rẹ̀. Nígbà tó fi dọ̀sán, píà agbọ̀n mẹ́ta ti dúdú.

"Kí ni odó ìyá mi fi ṣe ọ́?" Omi ti lé ròrò lójú Obdulia.

"Ìyá ẹ kẹ̀? Ti Nicandro ni! Mo mọ ọwọ́ òsì ẹ̀!"

Màmá Eduviges dìde. "Bàbá Nicandro ló gbẹ́ ẹ. Èmi ni mo rà á, oyún Obdulia wà nínú mi nígbà náà. Ọlọ́wọ́ òsì ni bàbá yẹn, òun ló kọ́ ọmọ rẹ̀ níṣẹ́. Òkú lo ń bá jowú, Fermín."

"Ká ní o bi mí ni," Obdulia wí. "Má wá síbí mọ́."

Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọn kò fi rí i. Ó ti wọ inú kòtò, ó ń wa òkúta líle. Lẹ́yìn náà, láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó gbé odó mìíràn dé iwájú ilé wọn, ó jókòó sílẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ ìrẹsì. Iṣẹ́ obìnrin nìyẹn lójú àwa ará ibẹ̀. Gbogbo àdúgbò jáde wá wòran.

"Ìyàwó wa, ẹ kú iṣẹ́ o!" Nicandro ké. "Oyún ńkọ́?"

"Ó ń bọ̀, ẹ̀gbọ́n," ni Fermín fèsì, ó ń lọ̀ lọ. Lọ́jọ́ kìíní ìyẹ̀fun náà dà bí eérú. Lọ́jọ́ kẹta ó ń mọ́ bọ̀. Obdulia ń yọjú lójú fèrèsé, kò jáde.

Lọ́jọ́ kẹrin, Chole, ọmọbìnrin ilé kejì, gbé omi fún Fermín. Ó jókòó tì í. Ó ní apá rẹ̀ mà le o.

Ilẹ̀kùn ṣí gbàù, Obdulia jáde. "Chole, ìyá ẹ ń pè ọ́."

"Wọn ò pè mí."

"Wọ́n máa tó pè ọ́."

Chole rẹ́rìn-ín, ó gbé ife rẹ̀ lọ. Fermín gbójú sókè. "O ń jowú?"

"Ta ni? Èmi?" Obdulia bẹ̀rẹ̀, ó ti ìka bọ ìyẹ̀fun náà, ó tọ́ ọ wò, ó sì rọra fi eyín lọ̀ ọ́. "Iyanrìn ṣì kù." Ó jókòó síbi tí Chole ti dìde. "Mú ọmọ odó wá. Bí ẹni tó ń na ejò lò ń ṣe é."

Ọjọ́ méjì ni wọ́n jọ lọ̀ ọ́, títí ìrẹsì fi funfun bí òwú. Nígbà náà ni Màmá Eduviges gbé píà jáde pẹ̀lú ìwọ̀nba èso tó kù lọ́dún náà. Wọ́n ń pò ó lọ́wọ́ nígbà tí Nicandro tún yà, ó ní òórùn ló pe òun. Ọwọ́ Fermín dúró lórí ọmọ odó. Obdulia ń wò ó. Àdúgbò ń wò ó.

Fermín fi tọ́tíyà bù ú, ó kún dáadáa, ó sì nà án sí Nicandro. "Ẹ jókòó, ẹ̀gbọ́n. Ẹ bá wa jẹun."

Lẹ́yìn náà ló yíjú sí Obdulia, ohùn rẹ̀ kò sì ga. "Mo fẹ́ bi ọ́ léèrè nǹkan kan."

"Bi mí."

"Ṣé wàá fẹ́ mi?"

Obdulia nu ọwọ́ nídìí aṣọ. "Màmá," ló wí, "ẹ wọ bàtà yín. Ẹ jẹ́ ká lọ bá àlùfáà kó tó sun oorun ọ̀sán."